Eruku Inú Rédíò

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọpọlọ.
Ṣọ́ọ̀bù kan ni mo mọ̀, nítòsí Tákíẹ̀, l'Ógbómọ̀ṣọ́,
páànù rẹ̀ ti dípẹtà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò ga,
ẹni tó bá fẹ́ wọlé, àfi kó tẹrí ba.
Ibẹ̀ ni wọ́n mú mi lọ lọ́dún tí mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀gbọ́n mi ní orí mi kò gbàwé.
Tíṣà ní orí ẹja sàn ju tèmi lọ,
ó kéré tán, èèyàn lè fi sebẹ̀.
Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó ń ka kóró kajú sínú igbá,
ó kà á tán, ó tún un kà.

Ọ̀gá Gbọ́ládé kò bi mí ní sátífíkéètì.
Ó gbé rédíò kan tó ti yadi síwájú mi,
ó ní, "Tú u. Má tíì tún un ṣe.
Sọ ohun tí o rí fún mi."
Mo rí eruku. Mo rí ẹyin aáyán.
Mo rí wáyà pupa kan tó já bí okùn ẹran.
"Kí ló dé tó fi já?"
Mo ní n kò mọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. A ti ní iṣẹ́ tí a óò ṣe lónìí.
'N kò mọ̀' yẹn, ilẹ̀kùn ni.
Èèyàn púpọ̀ ló ń fẹ̀yìn tì í sùn."

Láràárọ̀, kí n tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù,
mo gbọ́dọ̀ mú ìbéèrè kan wá láti ilé.
Kí ló dé tí Kàdúná fi ń dún ketekete lóru,
tí a kì í gbúròó rẹ̀ lọ́sàn-án?
Kí ló dé tí kajú fi gbé kóró rẹ̀ síta?
Ọjọ́ tí mo bá wá lọ́wọ́ òfo, kò ní fún mi níṣẹ́.
"Ebi ń pa orí rẹ. Lọ wá nǹkan tí yóò jẹ."

"Wọ́n ń fobì bọ orí," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí,
"wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó gbè wọ́n, n kò bá wọn jà.
Èyí tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́,
tó ń ṣọ́ èémí rẹ lóru títí ilẹ̀ fi ń mọ́,
ta ló ti kí i kú iṣẹ́ rí?
Oko tí a kò ro kì í ṣófo, ọmọ mi.
Ẹ̀kan ni yóò gbà á."

Oṣù keje ni ohùn kọ́kọ́ jáde lọ́wọ́ mi:
ẹnì kan ń ka iye owó àgbàdo lọ́jà tí n kò dé rí.
Mo sunkún.
Ọ̀gá ní kí n má da omi sórí wáyà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó ti ìyá mi.
Mo wo bó ṣe ń kó kóró ní márùn-ún-márùn-ún,
tó ń yọ ẹyọ kan sọ́tọ̀ fún ogún kọ̀ọ̀kan,
obìnrin tí kò mọ A yàtọ̀ sí igi àjà,
tí alájàpá kankan kò rẹ́ jẹ rí.
Àṣé ọpọlọ ti wà nílé wa tipẹ́.
Ahun la ń pè é.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí, ní Sábó,
ọmọṣẹ́ mẹ́ta, gbèsè díẹ̀,
àti oorun tó ń kun mi lálẹ́.
Bí ẹ bá ń pe èyí ní àṣeyọrí, n kò ní jiyàn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo lọ kí Ọ̀gá.
Àìsàn ń jẹ ìrántí rẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ òrùlé.
"Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dáhùn.
Kò pẹ́, ó tún bi mí.
Mo gbé rédíò kékeré kan lé e lọ́wọ́.
Ìka rẹ̀ rìn lẹ́yìn rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́, ó wá ibi tí ìdè wà,
ó sì gbé e sétí.
"Kí lo rí níbẹ̀?"
"Eruku, sà."
Ó mi orí.
"Ó dáa. A ti ní iṣẹ́ tí a óò ṣe lónìí."